Ẹni Tó Sọ Ọ́ ní Eyínfúnjowó

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú yàrá àwọn olùkọ́ níléèwé wa l'Ókè Bọ́lá, ọ̀gbẹ́ni kan ń ṣàlàyé fún olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú mìíràn ohun tí àwa ará Ìbàdàn ń pè ní eyínfúnjowó. Ó ní owó ìrìnàjò ni, èyí tí òṣèlú bá gbà tí kò sì rin ìrìnàjò kankan. Ibẹ̀ yẹn, òótọ́ ló sọ. Ó wá ní bí orúkọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé káńsẹ́lọ̀ kan gba irú owó bẹ́ẹ̀, ó fi ṣe eyín tuntun sẹ́nu, eyín náà sì funfun báláú. Irọ́ pátápátá ni. Mo rọra ń mu tíì mi, mi ò dá sí i. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ ẹni tó sọ orúkọ yẹn tán ni, tí mo bá sì lanu, ẹkún ló máa jáde.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣì í sọ. Onímọ́tò kan ní Bẹẹrẹ sọ fún mi pé ẹ̀rín ni káńsẹ́lọ̀ náà ń rín nígbà tí wọ́n bi í nípa owó, gbogbo eyín ẹnu rẹ̀ síta. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági ní àwọn oníwèé ìròyìn ló hùmọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ ayé ìgbà owó ẹyọ ni, wọ́n kàn gbé e wọ òṣèlú lọ́rùn. Ẹni yẹn ló sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ òun náà ò mọ ẹni tó gbé e wọ ọ́. Kò sẹ́ni tó wá bi wá léèrè nílé wa ní Bẹyẹrúnká. Ìyá àgbà mi ló sọ ọ́, ìyá tó bí bàbá mi, wọn ò sì fi bú ẹnikẹ́ni.

Òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ni Ìyá àgbà ń tà ní Gbági. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò láyà bùbá wọn, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á gún un mọ́ ọn bí báàjì. Àwa ọmọ-ọmọ ò lè sáré dì mọ́ wọn bí àwọn ọmọ yòókù ṣe ń ṣe sí ìyá àgbà tiwọn. Tá a bá ti ń bọ̀, wọ́n á nawọ́ pé ká dúró, wọ́n á yọ abẹ́rẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi há gèlè, kí wọ́n tó ní ó yá. Tẹ́lọ̀ tó bá mú aṣọ wá pé òun fẹ́ òwú tó bá a mu, wọn kì í gbé aṣọ náà síta wò nínú oòrùn. Wọ́n á wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á nawọ́ sẹ́yìn, òwú tó bá a mu gẹ́lẹ́ lọwọ́ wọn máa bà. Ṣùgbọ́n tí tẹ́lọ̀ bá padà wá pé òwú náà ń já, wọn ò ní pààrọ̀ rẹ̀ láéláé. Wọ́n á ní, "Òwú tó já lọ́wọ́ ẹ, ìwọ lo fà á."

Wọ́n mọ ìjà á jà, mi ò ní parọ́ fún òkú. Ìyàwó kan nínú agbo ilé ta okùn ìsáṣọ kọjá iwájú fèrèsé wọn láìtọrọ àyè, ni wọ́n bá yan obìnrin náà lódì títí àwọ̀ okùn ọ̀hún fi ṣí. Èmi ni mo lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà, ẹ dárí jì í, ọdún Iléyá ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ti dárí ji obìnrin yẹn tipẹ́, okùn yẹn ni àwọn ò tíì dárí jì.

Ohun kan ṣoṣo tí wọn kì í fi ṣeré ni orúkọ àwọn ọkọ wọn. Nílé àtijọ́ bíi tiwa, gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n bí lánàá. Kò gbọdọ̀ pe ọ̀kankan wọn lórúkọ. Orúkọ mìíràn ló máa wá fún wọn, orúkọ dáadáa tó máa mú inú ọmọ dùn: Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyàwó òde òní ti pa á tì, èmi náà wà lára wọn. Ìyá àgbà kò pa á tì. Ọmọ ilé mọ́kànlá ni wọ́n sọ lórúkọ, wọn kò sì fi ti ọ̀kan pe èkejì rí. Orúkọ ọ̀kan lára àwọn ọkọ yẹn ni wọ́n sọ àbúrò mi ọkùnrin, nítorí náà Ìyá àgbà kò pè é bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Ẹlẹ́sẹ̀ Kékeré ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ ṣòro í rí rà lọ́jà nítorí títóbi. Mo fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n sọ orúkọ náà wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Orúkọ ọkọ kì í ṣe itọ́ tí à ń tu."

Eyínfúnjowó ni ọkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ lórúkọ. Àbúrò bàbá àgbà mi ni, ó tó ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́jọ́ tí wọ́n sin Ìyá àgbà wá láti Oníyanrìn. Wọ́n ti sunkún látilé, ojú wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n fẹ́ fọ ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó wọlé ọkọ, ọmọ yìí ló gbé igbá omi, ó sì da ìlàjì rẹ̀ sára ara rẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà gbójú sókè, wọ́n rí eyín ọmọ náà, ó funfun ju owó ẹyọ lọ, ẹ̀rín sì pa wọ́n pẹ̀lú omijé lójú. Wọ́n ní ohun kan tó dùn mọ́ àwọn lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí ọmọ ọdún mẹ́fà, tí wọ́n ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, tí òun náà ń pè wọ́n ní Ìyàwó. Wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n wẹ̀ ẹ́, oúnjẹ tirẹ̀ ni wọ́n ń bù ṣáájú ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí.

Mo mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ ilé ni mí, mo lè pè é, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ ó sì rí i pé "ó" ni mò ń lò fún un, àgbàlagbà bí tirẹ̀. Inú ló ń bí mi, ẹ má bínú.

Eyínfúnjowó dàgbà, ó di káńsẹ́lọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pé káńsù náà ná owó rẹpẹtẹ láti fi rán àwọn káńsẹ́lọ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Dùbáì fún odindi oṣù kan, tòun ti owó ọkọ̀ òfurufú àti owó hòtẹ́ẹ̀lì. Ìgbádùn ni ohun tí ará ìlú kọ́kọ́ ń bínú sí. Wọ́n ní oṣù Ràmàdánì gan-an ni wọ́n lọ ń mutí létí òkun, tí wọ́n ń kó obìnrin kiri. Ọ̀rọ̀ náà dé Gbági, wọ́n sọ ọ́ lójú Ìyá àgbà, ó sì dùn wọ́n wọ egungun. Àwọn àgbà ilé ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dá oníròyìn lóhùn. Àmọ́ nígbà tí oníròyìn rédíò kan dé ṣọ́ọ̀bù wọn, tó bi wọ́n bóyá òótọ́ ni káńsẹ́lọ̀ ilé wọn lọ jayé ní Dùbáì, wọn ò lè mú un mọ́ra. Ìyàwó wo ni wọ́n máa ba ọkọ rẹ̀ jẹ́ lójú rẹ̀, tí á dákẹ́?

"Eyínfúnjowó?" ni wọ́n wí. "Dùbáì wo? Ọkọ mi ò lọ ibì kankan. Látọjọ́ tá a ti gbààwẹ̀ dọjọ́ ìtúnu, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń ṣínu lójoojúmọ́. Èmi ni kẹ́ ẹ bi."

Wọ́n délé lọ́jọ́ yẹn, inú wọn dùn. Wọ́n rò pé àwọn ti gba ọkọ àwọn sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, rédíò gbé ohùn wọn jáde, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ohùn ara wọn. Lẹ́yìn náà ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá ṣàlàyé fún ará ìlú pé ìwé káńsù ní ọkùnrin yìí wà ní Dùbáì ní gbogbo oṣù yẹn, ó sì ti gba owó rẹ̀. Àìlọ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ náà, kì í ṣe lílọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn náà ló rẹ́rìn-ín, tó ní ẹ ò rí owó eyínfúnjowó. Ìyá àgbà rọra jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹnu mi ni mo fi dè wọ́n."

Kí oṣù tó parí, gbogbo ìlú ti gbé orúkọ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ tí ọ̀gá wọn bá rìnrìnàjò. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sára ògiri l'Ọ́jà'ba. Ọmọléèwé ni mí nígbà náà, èmi ni wọ́n ń pè ní ọmọ ilé eyínfúnjowó níléèwé, tí mo bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹ wo eyín. Mo kọ́ láti máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu, ó ti mọ́ mi lára di òní.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n ní kí Ìyá àgbà padà lọ sórí rédíò, kí wọ́n sọ pé ọjọ́ ogbó ni, Ràmàdánì ọdún tó ṣáájú ni àwọn ní lọ́kàn. Ìyá àgbà kọ̀. Wọ́n ní ààwẹ̀ Ọlọ́run ni, àwọn ò ní parọ́ lé e lórí. Àwọn ará Oníyanrìn gbọ́, wọ́n wá sọ fún ọmọ wọn pé kó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ jù. Ìyẹn náà, Ìyá àgbà kọ̀. Kò pẹ́ ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀, pé kí Ìyá àgbà wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Èmi ni mo ka ìwé náà fún wọn.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú èyí tí a máa lọ, Eyínfúnjowó wá sí yàrá wọn. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́yà rẹ̀ ti rí ọ̀nà. Ìgbìmọ̀ náà kò ní lè kọ ohunkóhun sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹlẹ́rìí sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyàwó ilé kì í sì í dárúkọ ọkọ. Nítorí náà, kí wọ́n ṣáà má dárúkọ. Wọn ò ní parọ́, wọn ò ní ba àṣà jẹ́, òun á sì bọ́. Mo rò ó títí, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ọ̀nà àbáyọ wà. Ìyá àgbà ṣáà ń ká òwú mọ́ ọwọ́.

Gbọ̀ngàn kan lókè Màpó la lọ. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ ọkùnrin onígíláàsì tó bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó ní Ìyá, ta ni ẹ sọ lórí rédíò pé ó ń ṣínu lọ́dọ̀ yín? Wọ́n ní ọkọ àwọn ni. Ó ní a gbọ́ pé ọkọ yín ti di olóògbé. Wọ́n ní èyí tó di olóògbé, ẹ̀gbọ́n èyí ni. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alága ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dárúkọ rẹ̀, Ìyá àgbà ní àwọn kì í pè é. Ó bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló ní bí kò bá sí orúkọ, òun á fagi lé ọ̀rọ̀ wọn, òun á kọ ọ́ pé ìyá yìí kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Eyínfúnjowó wà ní ìlà iwájú. Lọ́yà rẹ̀ ti ń kó ìwé jọ.

Mo ti dìde láti fa Ìyá àgbà lọ́wọ́ ká máa lọ. Wọ́n já ọwọ́ wọn gbà. Wọ́n rìn la àárín gbọ̀ngàn kọjá, wọ́n dé iwájú Eyínfúnjowó, wọ́n sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú eékún méjèèjì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń kí i láràárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi Eyínfúnjowó," ni wọ́n wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn ibi tẹ́ ẹ ti ṣínu."

Eyínfúnjowó ń wo ilẹ̀. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ láti Màpó, mo ń sunkún, mo bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa sọ̀rọ̀ Ọlọ́run tàbí ti ìlú. Wọ́n ní, "Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo fi dáná. Bí wọ́n bá ní àwọn wà ní Dùbáì, ta ló jẹ oúnjẹ mi?"

Wọ́n yọ Eyínfúnjowó nípò. Ó padà wálé, kò sì bá Ìyá àgbà sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó ṣe nìyẹn, gbogbo ilé sì tẹ̀ lé e. Ẹ ní láti mọ bí ilé wa ṣe rí kó tó yé yín. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní yàrá Ìyá àgbà, ọ̀ọ́dẹ̀ Eyínfúnjowó ló kọjú sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde sí ìta, iwájú ọ̀ọ́dẹ̀ kan náà ló gbà. Wọn ò lè lọ sọ́jà, wọn ò lè lọ fún ìrun Jímọ̀, kí wọ́n má kọjá lójú rẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ níbẹ̀ kí i, láràárọ̀ ló ń wo ibòmíràn. Tí wọ́n bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn ìyàwó ilé á gbé kẹ́ẹ̀gì wọn kúrò. Ọdún ń gorí ọdún. Eékún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọ́n ṣì ń kúnlẹ̀.

Mo bínú sí wọn ju bí mo ṣe bínú sí i lọ. Bàbá mi ti kọ́lé sẹ́yìn ìlú, yàrá tiwọn wà níbẹ̀, ó gbòòrò, fèrèsé méjì. Ọjọ́ kan ni mo gbé ọkọ̀ wá, mo ti ń di aṣọ wọn sínú àpò. Mo ní ilé yìí ti di ẹ̀wọ̀n fún yín. Wọ́n ń tú àpò náà bí mo ṣe ń dì í, wọ́n ní, "Wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi kí n tó wọlé. Ta ló máa bá mi fọ̀ ọ́ kí n tó jáde?"

Òun náà ò rí ibi lọ, kí n sòótọ́. Ní báńkì, ní mọ́ṣáláṣí, ní ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ọmọ rẹ̀, orúkọ yẹn á ti dé síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó wá dẹ́kun àtijáde. Eyín ẹnu rẹ̀ ń re lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó sí ọ̀ọ́dẹ̀ rẹ̀, Ìyá àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wọn, wọ́n jọ ń darúgbó lójú ara wọn láìsọ̀rọ̀.

Nígbà tí àìsàn dá Ìyá àgbà dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí, ó di àárọ̀ mẹ́ta tí wọn ò lè jáde lọ kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, aṣọ ẹnu ọ̀nà ṣí, Eyínfúnjowó wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Mo fẹ́ dìde lọ, Ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó," ó ní. "Ẹ pe orúkọ mi fún mi."

Wọ́n ní, "Eyínfúnjowó."

"Rárá. Èyí tí bàbá mi sọ mí. Kò sẹ́ni tó ń fi pè mí mọ́ ní gbogbo ìlú yìí. Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín lẹ́ẹ̀kan."

Ọkàn mi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, àwọn méjèèjì á sì bọ́. Wọ́n pa ojú dé.

"Ọkọ mi," ni wọ́n wí, "látọjọ́ yẹn, ilé yìí ò kà mí kún mọ́. Àìpe orúkọ yín nìkan ló kù tí mo fi jẹ́ ìyàwó ibẹ̀. Tí mo bá pè é, mo ti jáde nìyẹn. Ẹ má lé mi."

Eyínfúnjowó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Kò sì lọ. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ó lọ kírun, ó tún padà wá jókòó. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà tó ti ń wá jókòó ni Ìyá àgbà lọ, láàárọ̀.

Inú agbo ilé la sin wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà. Àlùfáà tó wá kírun sí wọn lára kì í ṣe ará àdúgbò wa. Ó ní kí àwọn tó sún mọ́ òkú jùlọ bọ́ sínú sàréè kí wọ́n gbà á. Bàbá mi wọlé, àbúrò bàbá mi wọlé. Eyínfúnjowó wá síwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Àlùfáà nawọ́ dá a dúró, ó ní Bàbá, ẹ forí jì mí, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ jẹ́ sí òkú? Gbogbo agbo ilé ń wò ó.

"Ọkọ rẹ̀ ni mí," ó ní.

Bàbá mi nawọ́ sókè láti inú sàréè, wọ́n gba ọ̀pá rẹ̀, wọ́n sì dì í mú sọ̀kalẹ̀.